Iná LED àfọwọ́ṣe fún àpótí ẹja inú ilé: gílóòbù, strip, floodlight àbí LED star?

Iná tí wọ́n dìídì ṣe fún àpótí ẹja onígíláàsì, èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun, owó rẹ̀ lè ju ti àpótí, ẹja àti yanrìn inú rẹ̀ lápapọ̀ lọ. Abájọ tí àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ ní Àkúrẹ́ fi ń ṣe tiwọn fúnra wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni gílóòbù LED tí gbogbo wa ń lò ní pálọ̀, tí wọ́n gbé sínú ìdérí pákó lórí omi. Èkejì ni LED strip oní-12V, èyí tí wọ́n ń ká tà ní mítà márùn-ún márùn-ún, tí àwọn oníPOP máa ń tẹ́ sínú sílíìnì. Ẹ̀kẹta ni floodlight, iná ìta tó ní ara irin. Ẹ̀kẹrin ni LED star, hóró LED alágbára tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ álúmíníọ́ọ̀mù kékeré onígun mẹ́fà, tí ẹ ó máa fi soldering iron jó wáyà wọn pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni èwo ló mọ́lẹ̀ jù. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nílùú tí iná ìjọba ti ń lọ tó tún ń bọ̀, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: tí wọ́n bá mú iná lọ, kí ni yóò máa tan iná ẹja? Lẹ́yìn ìyẹn: ṣé ẹja nìkan ló wà nínú omi, àbí ewéko wà níbẹ̀? Kí n má fi yín ṣeré, ìdáhùn tèmi rèé: fún ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́, strip 12V ni. Ibi tí kò ti tó wà o, mo sì máa dé ibẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tó mélòó?

Ẹja fúnra rẹ̀ kì í bèèrè iná púpọ̀. Guppy ni o, goldfish ni o, angelfish ni o, kí ojúmọ́ mọ́ kí ilẹ̀ sì ṣú lásìkò ló kàn wọ́n. Kódà kribensis, ẹja kékeré oníkùn pupa tí gbogbo ayé ń sìn, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà níbí ni, abẹ́ ewé àti gbòǹgbò ló sì fẹ́ràn. Àwa tí à ń wò wọ́n la fẹ́ iná. Ewéko ló ń fi ìmọ́lẹ̀ jẹun.

Ìṣirò tí àwọn tó ń gbin ewéko sínú omi ń lò ni lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iná ń mú jáde) mélòó sí lítà omi kan. Lumen 10 sí 20 tó fún ewéko tí kì í yọni lẹ́nu, bíi Anubias, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó sì máa ń rọra dàgbà. Lumen 20 sí 40 ni fún Vallisneria àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lé ní 40 fún àwọn ewéko pupa àti àwọn tó ń tẹ́ sílẹ̀ lórí yanrìn, àwọn wọ̀nyẹn tún máa ń fẹ́ gáàsì carbon dioxide. Ẹ jẹ́ ká mú àpótí kan tó gùn ní 60cm, tó fẹ̀ ní 30cm, tó ga ní 35cm. Lítà 63 ni tó bá kún dé ẹnu. Tí ẹ bá yọ yanrìn àti àlàfo òkè kúrò, omi inú rẹ̀ á tó nǹkan bíi lítà 50. Tí a bá fún un ní lumen 20 sí lítà kan, lumen 1,000 ni à ń wá. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, òun ni mo máa fi wọn gbogbo wọn.

Tí ẹ bá sọ ojú oró sórí omi, ìṣirò yẹn yí padà. Òun náà ló ń lékè omi lóòótọ́, àmọ́ ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, inú òkùnkùn ló wà. Ẹ máa dín in kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ tó. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ju ohun tí ewéko lè jẹ lọ, algae ló máa jẹ ìyókù, gíláàsì á sì di aláwọ̀ ewé. Ìdí kan náà nìyí tí kò fi yẹ kí àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé tààrà. Ọ̀sán tiwa níbí ń lọ sí wákàtí méjìlá látìgbà dégbà, kò sí strip tó lè bá a díje.

Àwọ̀ iná

Ẹ ó rí 3000K, 4000K tàbí 6500K lára páálí. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré máa ń pọ́n, èyí tó ga máa ń funfun. 6500K ni wọ́n ń pè ní daylight, òun ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀.

LED funfun kì í ṣe funfun láti inú wá. Hóró aláwọ̀ búlúù ni, tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè bò. Nígbà tí méjèèjì bá pọ̀, ojú wa á rí i ní funfun. LED búlúù yẹn ṣòro ṣe débi pé òun ló mú kí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel ti Físíìsì lọ́dún 2014. Ibi tó kàn wá ni pé pupa kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú 6500K, bẹ́ẹ̀ ewéko ń lo búlúù àti pupa jù, àwọ̀ goldfish náà kì í sì í yọ láìsí pupa. Nítorí náà, tí ẹ bá máa tẹ́ ìlà méjì, ẹ ṣe ọ̀kan ní 6500K, kí ìkejì jẹ́ 3000K. Ó rọrùn pẹ̀lú strip àti star. Pẹ̀lú gílóòbù, ẹ ó ra méjì. Pẹ̀lú floodlight, ohun tí ẹ bá rà lẹ bá lọ.

Strip aláràbarà tó ní rìmóòtù, tó ń yí àwọ̀ padà, ẹ jẹ́ kó wà ní ilé ìgbafẹ́. Funfun tó ń mú jáde kò dáa lójú, ewéko ò sì rí nǹkan jẹ nínú rẹ̀.

Gílóòbù àti floodlight

Ẹni tó ń kánjú ni gílóòbù wà fún. 9W kan ń mú nǹkan bíi lumen 800 jáde, méjì ti kọjá ohun tí àpótí wa ń fẹ́. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ń tàn káàkiri, apá kan nínú rẹ̀ ń lọ sára ìdérí dípò inú omi, àfi tí ẹ bá fi fọ́ìlì tàbí ọ̀dà funfun bo inú ìdérí náà. Kò sí ohun tó ń dí omi lára rẹ̀. Oru omi á wọ inú rẹ̀, á ba dráífà (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣètò iná fún hóró LED) jẹ́, 220V ló sì wà lórí omi yẹn. Gílóòbù tó ń gba ṣáàjì máa ń bọ́ nínú ìṣòro àìsí iná fúngbà díẹ̀, àmọ́ agbára bátìrì inú rẹ̀ kéré.

Floodlight sàn jù ú lọ. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni irin tó ń gba ooru, àwọn tó dáa ní IP65 tàbí IP66, omi tó bá ta sí i kò ní wọlé. 10W tàbí 20W kan tó fún àpótí wa. Ẹ gbé e kọ́ sókè, ó ti tán. Ohun tí mo fi ń sá fún un ni pé ojú kan ṣoṣo ló ti ń tàn: ààrin àpótí á mọ́lẹ̀ rekete, igun méjèèjì á ṣókùnkùn. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́jà báyìí kò sì ní dráífà tó dá dúró. Wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pẹlẹbẹ kan tó ń gba 220V tààrà. Tí irú ẹ̀ bá bàjẹ́, a ò tún un ṣe, a ń jù ú nù ni.

Àwọn kan máa ń bèèrè nípa floodlight sólà, èyí tó ní bátìrì nínú àti páànẹ́ẹ̀lì kékeré. Ẹ má ka 100W tàbí 200W tí wọ́n kọ sí i lára sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, páànẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú: níwọ̀n ìgbà tí oòrùn bá ṣì ń kàn án, iná náà kì í tàn. Fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tó fẹ́ wo ẹja rẹ̀ fún wákàtí méjì kó tó sùn, kò burú rárá. Fún ewéko, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Strip àti star: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Strip tí wọ́n ń pè ní 5050, oníhóró 60 ní mítà kan, ń jẹ 14.4W ní mítà. Tí kì í bá ṣe ayédèrú, á mú nǹkan bíi lumen 900 sí 1,000 jáde ní mítà kan. Ìlà méjì tó gùn ní 60cm, ìyẹn mítà 1.2, á fún wa ní lumen 1,000 tí à ń wá, ó sì ń jẹ nǹkan bíi 17W. Adápítọ̀ 12V 2A gbé e pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Star 3W kan tó ń gba 700mA ń mú nǹkan bíi lumen 180 sí 220 jáde. Mẹ́fà nínú wọn tó. Ẹ ó so wọ́n tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan, pọ́sítíìfù ọ̀kan sí nẹ́gátíìfù èkejì. Gbogbo wọn á fẹ́ nǹkan bíi 20V. Adápítọ̀ lásán kò lè ṣe é. Dráífà tó ń dá iye iná tó ń ṣàn dúró sójú kan ni, èyí tí wọ́n kọ irú nǹkan bíi «18–36V, 600mA» sí lára. Tí ẹ bá so star mọ́ adápítọ̀ láìsí dráífà, á gbóná, bó bá ṣe ń gbóná lá máa fa iná sí i, títí á fi jó. Kí ẹ má sì so ó mọ́ dráífà tí iná ti wà nínú rẹ̀: fóòtì tó kó jọ sí ẹnu dráífà tí kò gbé nǹkan kan lè pa gbogbo hóró náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ so wáyà, kí ẹ tó tan súìṣì.

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Strip, sísọ̀sì lẹ ó fi gé e ní ibi tí wọ́n fàlà sí, lẹ́yìn hóró mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ó wá fi soldering iron àti léèdì (solder) jó wáyà méjì mọ́ ojú bàbà rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé girama ṣe é. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́: ẹ fi irin náà kàn án kíá, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ojú bàbà tín-ín-rín yẹn á ṣí kúrò. Star ní ojú ìjó méjìlá fún hóró mẹ́fà, pẹlẹbẹ álúmíníọ́ọ̀mù rẹ̀ sì máa ń gba ooru kúrò lẹ́nu soldering iron, tí léèdì kò ní fẹ́ yọ́. Irin oní-60W ni kí ẹ lò, kì í ṣe 30W.

Ooru náà wà níbẹ̀. Láìsí irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, star 3W kò ní pẹ́ tó fi máa kú. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe fèrèsé álúmíníọ́ọ̀mù, àjẹkù páìpù wọn tí wọ́n ń tà fún àwọn onípáńtí gan-an ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ọ̀pá oníhò onígun mẹ́rin tó gùn ní 60cm á gbé star mẹ́fà pẹ̀lú òróró ìgbooru (thermal paste) láàrin. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe náà ní irin tó ń gba ooru (heatsink) tó wà lórí CPU, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Strip kò le tó bẹ́ẹ̀, pẹlẹbẹ álúmíníọ́ọ̀mù tó tẹ́jú ti tó o. Àmọ́ ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tàbí rọ́bà lásán, á máa gbóná, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́, rọ́bà tó bò ó á sì pọ́n. Láàrin February sí March tí inú ilé ní Àkúrẹ́ ń kọjá 30°C, omi náà ti gbóná ju 24 sí 28°C tí ọ̀pọ̀ ẹja ọ̀ṣọ́ ń fẹ́, omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìdérí dí pátápátá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ibi tí star ti na strip ni jíjìn omi. Strip ń tàn káàkiri ní ìwọ̀n 120°, tí àpótí bá ga ju 45cm lọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ kò ní tó ewéko jẹ. Star gba gíláàsì kékeré lójú, 60° tàbí 90°, tó ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tààrà. Òun ló sì máa ń mú kí omi máa ta yẹ́rí lórí yanrìn bí oòrùn bá ṣe ń ṣe nínú odò. Strip kò lè ṣe ìyẹn láéláé, torí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti ibi púpọ̀ wá.

Tí hóró kan bá kú lára strip, mẹ́ta péré ló máa ń ṣú, ìyókù á máa tàn. Lára star, gbogbo ìlà náà á lọ, ẹ ó wá máa fi mítà wá èyí tó kú. Strip wà káàkiri ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní Àkúrẹ́. Star kì í pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà Alábà ní Èkó lẹ ó ti rán wọn wá. Ọ̀nà àbùjá kan wà o: àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní ìlà LED tí wọ́n tú kúrò lẹ́yìn àwọn tó fọ́ lójú. Álúmíníọ́ọ̀mù ti wà lẹ́yìn òmíràn nínú wọn. Dráífà ni kí ẹ bá a wá, ọ̀nà kan náà bíi star.

Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Ibí yìí ni strip ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi. 12V DC ló ń jẹ, 12V DC ni bátìrì ń pèsè. Gílóòbù àti floodlight gbọ́dọ̀ gba ara inverter kọjá: inverter á sọ 12V di 220V, dráífà inú gílóòbù á tún sọ ọ́ di DC padà. Gbogbo àtúnyí yẹn ń jẹ iná, inverter fúnra rẹ̀ sì ń jẹ tirẹ̀ kódà nígbà tí kò gbé nǹkan kan.

Ẹ mú bátìrì UPS kọ̀ǹpútà, 12V 7Ah. Wh 84 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè gbé wáàtì 84 fún wákàtí kan. Bátìrì alásíìdì, kò dáa kí ẹ fà á kọjá ìdajì, ó kù Wh 42. Strip wa ń jẹ 17W, wákàtí méjì ààbọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 18Ah, wákàtí mẹ́fà. Tí ẹ bá fi páànẹ́ẹ̀lì sólà kékeré àti ẹ̀rọ tó ń darí ṣáàjì sí i, ẹ lè yọ iná ẹja kúrò lórí iná ìjọba pátápátá. Star náà lè ṣiṣẹ́ lórí bátìrì, àmọ́ 20V tí mẹ́fà ń fẹ́ ju 12V lọ; ẹ ó ní láti wá dráífà tó ń gbé fóòtì sókè, tàbí kí ẹ pín wọn sí mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú dráífà méjì. Ó ṣeé ṣe. Kì í ṣe fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́.

Ohun tó ń sun strip orí bátìrì, tí onílé kò sì ní mọ ohun tó fà á, rèé. Nínú hóró mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ń gba nǹkan bíi 9.6V láàrin ara wọn. Rẹsítọ̀ kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn ló ń gba 2.4V tó kù. Tí bátìrì bá ń gba ṣáàjì, fóòtì rẹ̀ á gòkè dé 14.4V. Hóró LED kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà ju tirẹ̀ lọ, nítorí náà orí rẹsítọ̀ ni gbogbo àlékún yẹn ń lọ: 2.4V á di nǹkan bíi 4.8V, iná tó ń ṣàn nínú hóró á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Strip á tàn yòò, inú yín á dùn, láàrin oṣù díẹ̀ á ti máa pọ́n, á máa ṣẹ́jú. Oògùn rẹ̀ ni pátákó kékeré tó ń dín fóòtì kù, èyí tí àwọn onírédíò mọ̀ sí LM2596. Kò lè gbé ju 3A lọ, ti wa kò sì tó 1.5A. Ẹ fi mítà wọn ẹnu rẹ̀, ẹ yí ìṣó orí rẹ̀ dé 11.5V kí ẹ tó so strip mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ á dín díẹ̀, hóró á sì pẹ́ sí i.

Fún ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ wo ara adápítọ̀ bóyá 100–240V ló wà níbẹ̀. Èyí tó kọ 220V nìkan kì í fara da bí fóòtì jẹnẹrétọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Omi àti iná

12V tó bá kan omi kò ní pa yín. 220V lè pa yín. Ọ̀rọ̀ yìí kan adápítọ̀ strip náà: ẹ má gbé e sórí ìdérí, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri lókè omi, kí wáyà rẹ̀ sì rọ̀ wálẹ̀ kọjá sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà, kí omi tó bá ń tẹ̀lé wáyà lè kán sílẹ̀ níbi tó rọ̀ sí. Fún gílóòbù àti floodlight, mo fẹ́ kí ẹ ní bírékà 30mA (RCD) tó ń já iná fúnra rẹ̀ tí iná bá ń jò, àti ááṣì tó jẹ́ ááṣì lóòótọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, wáyà kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pe oníwáyà kó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ fi gíláàsì sáàrin iná àti omi.

Ẹnu ibi tí ẹ ti gé strip, ẹ fi sílíkónì dí i, kódà tó bá jẹ́ IP65. Bàbà tó ń dípẹtà tó ń kán sínú omi jẹ́ májèlé fún ìgbín àti edé. Sílíkónì àwọn onífèrèsé tó ń rùn bíi ọtí kíkan dáa tó bá ti gbẹ, bí wọn kò bá ti fi oògùn tó ń pa èbu (mould) sí i.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Àpótí tí kò ga ju 45cm lọ, ẹja pẹ̀lú Anubias tàbí ewéko tí kò le, iná tó ń lọ tó ń bọ̀: strip, ìlà méjì, bátìrì 18Ah, LM2596. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Àpótí tó jìn, ewéko pupa, ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jó wáyà, tí inverter ńlá sì wà nílé rẹ̀: star. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, àmọ́ kò sí èyí tó lè dé ìsàlẹ̀ omi bíi tirẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àpótí ńlá ẹja oscar tàbí àrọ̀ tí kò ní ewéko kankan, tó wà ní fáráńdà tàbí ní ṣọ́ọ̀bù: floodlight 20W, tí ááṣì bá wà. Ẹja ńlá máa ń fọ́n omi sókè, irin yẹn ló lè gbà á.

Gílóòbù? Ẹ lò ó di ọ̀sẹ̀ tí strip yín á fi dé. Èyíkéyìí tí ẹ bá sì mú nínú wọn, ẹ ra táímà pẹ̀lú rẹ̀: oní-220V fún èyí tó ń gba iná ìjọba, oní-12V fún ti bátìrì. Ẹ yí i sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ dé mọ́kànlá alẹ́, ìgbà tí ẹ wà nílé láti wò ó.